Ọmọ ọdún mélòó lẹ jẹ́ nínú ara yín? (Mi ò bèèrè ti ìwé o)

TísàÀná · 7:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé.

Láti Sátidé ni ọ̀rọ̀ kan ti ń rìn mí nínú. Mo lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìbàdàn, lápá Mọ́kọ́lá. Mo dúró ti ògiri, mo ń wá ẹni tó ń pín omi tútù. Bí ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe já wọlé nìyẹn, wọ́n tó bíi mẹ́jọ, fìlà kan náà lórí gbogbo wọn. Kí n tó mọ̀, wọ́n ti nà gbalaja sílẹ̀ níwájú mi. Ẹ gbà mí gbọ́, ńṣe ni mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n lè ráyè kí àgbàlagbà tí wọ́n ń kí. Ìgbà tí mo wẹ̀yìn, ògiri ni mo rí.

Ọmọ ọdún 64 ni mí. Mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ nígbà tí mo pé 60, ọmọ-ọmọ mẹ́ta ló sì ń fa irùngbọ̀n mi. Gbogbo ìyẹn, mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá jí mi lóru tí ẹ bi mí léèrè ọjọ́ orí mi, 38 ló máa bọ́ lẹ́nu mi. Mi ò mọ ohun tó so mí mọ́ 38. Ọdún tí àwọn sọ́jà gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá ni, 1999. Mo ní alùpùpù kan nígbà náà, a sì máa ń gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́ Fráídè, àwa tísà pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì kẹta. Kò sí nǹkan bàbàrà mìíràn.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ sọ méjèèjì: ti ìwé, àti ti inú.

Ìyá_Wúrà · 7:20 alẹ́

Ti ìwé, 55. Ti inú, ó dọwọ́ ẹni tó bá bi mí. Tí wọ́n bá ń lùlù, 30. Tí wọ́n bá ní kí n wá bá àwọn gbé kẹ́ẹ̀gì omi, 80.

Àkọ́bíObìnrin · 7:41 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ sà. Tèmi yí padà sí tiyín. 29 ni ti ìwé, 50 ni ti inú.

Mi ò tíì pé 15 tí bàbá wa fi kú. Àbúrò mẹ́rin ló wà lẹ́yìn mi, ìyá wa sì ń lọ ọjà oko. Èmi ni mo ń lọ sípàdé òbí níléèwé wọn, mo máa ń wé gèlè kí tísà má baà rí mi fín. Títí dòní, tí àwọn àbúrò mi bá ń ṣàwàdà tí mo bá wọlé, wọn á dákẹ́. Mo dà bí ìyá wọn kejì, wọn ò sì mọ̀ pé èmi náà lè rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún tó kọjá, mo ní kí ọmọ àdúgbò kan wá kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́ gígùn. Pápá iléèwé la máa ń lọ, tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ọjọ́ tí ó jọ̀wọ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà tí mi ò mọ̀, tí mo dá gùn ún dé ìdí igi máńgòrò, mo kígbe. Ní ọjọ́ yẹn nìkan, ọmọ ọdún 11 ni mí. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé mi ò tíì gbé ẹ̀wà kaná.

Adéníkẹ̀ẹ́_Leeds · 7:58 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ sà. Àbúrò mi Àkọ́bíObìnrin, o ṣe é o. Wà á gbádùn wọn.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, ọdún keje rèé. Ohun tí ẹ ń sọ yìí, àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ti bá a débì kan. Lọ́dún 2006, Rubin àti Berntsen gbé ìwádìí kan jáde. Denmark ni wọ́n ti ṣe é, 1,470 èèyàn ni wọ́n sì bi léèrè, láti ọmọ 20 ọdún títí dé 97. Àwọn tí kò tíì pé 25 ní àwọn dàgbà ju ọjọ́ orí àwọn lọ. Tó bá ti kọjá 25, ó yí padà, oníkálukú bẹ̀rẹ̀ sí yọ nǹkan kúrò. Àwọn tó ti lé ní 40 ń yọ nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún. Tí a bá bá yín ṣírò rẹ̀ sà, 64 máa di 51. Ẹ̀yin wá rọ́ lọ sí 38. Ọdún 13 lẹ fi jalè.

Ohun tí mo ń fojú rí níbi iṣẹ́ tún ju ìyẹn lọ. Màmá òyìnbó kan wà lọ́dọ̀ wa tó ti lé ní 90, ìrántí ti ń fi í sílẹ̀. Tó bá ti di aago mẹ́ta ọ̀sán, á wọ ẹ̀wù òtútù, á fi báàgì há abíyá, ó fẹ́ lọ mú àwọn ọmọ wá láti iléèwé. Nígbà kan, a máa ń sọ fún un pé àwọn ọmọ ti dàgbà, wọ́n ti bí tiwọn. Á bú sẹ́kún bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Ní báyìí, èmi náà á wọ ẹ̀wù òtútù mi. A ó rìn yí ọgbà ká lẹ́ẹ̀mejì. Á ní òjò fẹ́ rọ̀, àwọn ọmọ á ti rí ẹni bá wálé. A ó padà síbi tíì.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, bó tiẹ̀ yà díẹ̀: orúkọ ni wọ́n ní ká máa fi pe àwọn arúgbó níbí. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Mo pe ọ̀kan ní Mọ́mì ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ní, "Èmi kọ́ ni mo bí ẹ." Mo dáwọ́ dúró.

ỌmọÒkèÒgùn · 8:09 alẹ́

Ẹ ní ti ìwé àti ti inú. Ẹ gbàgbé ẹ̀kẹta: ti òótọ́.

Ìwé mi ní 1975 ni wọ́n bí mi. Ìyá mi ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n yí ọkọ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún ni òun bí mi, àwọn èèyàn ń bẹ̀rù àtisọdá títì. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972 nìyẹn. Ọ̀gá iléèwé ló gé mẹ́ta kúrò fún mi nígbà tí mo fẹ́ wọ sẹ́kọ́ńdírì, ó ní mo ti gùn jù. Mo lọ gba ìwé ìbúra nílé ẹjọ́, ó tán. Nítorí náà, 50 ni mí lẹ́nu iṣẹ́, 53 ni mí lọ́dọ̀ ìyá mi, 44 ni mí nínú. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹjọ́ mi sun, mi ò sọ ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ o.

Bàbá mi ló yani lẹ́nu. Kò ní ìwé kankan, ṣùgbọ́n ó mọ ọjọ́ tirẹ̀ ju gbogbo wa lọ. Wọ́n ní ìyá rẹ̀ ń rọbí lọ́wọ́ nígbà tí òòrùn wọ òkùnkùn, tí adìẹ wọlé lọ sùn lọ́sàn-án. Èmi ni mo bá a wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì: 20 oṣù karùn-ún 1947, ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Nígbà tí mo sọ fún un pé Ìṣẹ́gun ni, ó gbọ́ ti Ìṣẹ́gun yẹn ju ti ọjọ́ lọ. "Abájọ!" ló wí. Ó pe gbogbo ilé jọ, ó ní kí wọ́n wá gbọ́ abájọ.

Bọ́ìsì_Mushin · 8:15 alẹ́

Ẹni tó kọ èyí, o kàn ń dààmú ara rẹ ni jàre. Bí o ṣe ń kọ̀wé yìí, o ò lè ju 35 lọ. Ra bàtà eré, kí o máa sáré láàárọ̀, kí o fi òróró sílẹ̀. Orí ẹ á wálé.

Ìyá_Wúrà · 8:17 alẹ́

Ìwọ Bọ́ìsì yìí, ṣé o ka ohun tí bàbá kọ sókè ṣá? 64 ni wọ́n pè é. Ta lò ń kó "o ò, o ò" bá?

Bọ́ìsì_Mushin · 8:18 alẹ́

Yéè! Ẹ dákun, ẹ foríjì mí, sà. Ìsàlẹ̀ nìkan ni mo kà. Mo dọ̀bálẹ̀, àyà mi kan sìmẹ́ńtì.

TísàÀná · 8:34 alẹ́

Dìde, ọmọ mi, sìmẹ́ńtì tutù. Kò bí mi nínú rárá. Kí n má purọ́, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló gbẹ̀yìn àwọn tó ń bá mi sọ "o". Ìwọ Àlàó, o ò pè mí. Ìwọ Àlàó, irú ṣòkòtò wo lo wọ̀ yìí. Lọ́dún 1955 tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n mú un lọ síléèwé. Ta ló ní ìwé ọjọ́ ìbí nígbà náà? Wọ́n ní kó gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kó fi kan etí òsì. Ọwọ́ ò kan an. Wọ́n ní kó máa lọ sílé, kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún títí tó fi di ìyá àgbà. Tí mo bá jiyàn pẹ̀lú rẹ̀, á ní ká ní wọ́n gba òun lọ́dún yẹn ni, òun ì bá tún fi ọdún kan gbọ́n jù mí lọ sí i.

Ọdún méjì sẹ́yìn ló kú. Láti ìgbà yẹn, "ẹ" ni ìyàwó mi ń bá mi sọ, "ẹ" ni àwọn àbúrò mi, pásítọ̀ wa ní "ẹ̀yin bàbá wa". Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó kù, tí a jọ lu ara wa lódò, a ti ń pe ara wa ní Alàgbà. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè máa wá "ìwọ" kiri bí ẹni ń wá iyọ̀. Ọmọ Mushin wá bù ú fún mi lọ́fẹ̀ẹ́.

Bọ́ìsì_Mushin · 8:37 alẹ́

Sà, ẹ fẹ́ pa mí lẹ́kún. Mo wà nínú bọ́ọ̀sì o.

Ìyá_Wúrà · 8:52 alẹ́

Ó dùn mí, sà. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí ẹ tó máa yin èwe inú yín jù. Abẹ́òkúta ni bàbá mi wà. Wọ́n pé 78, àwọn náà ní 40 làwọn jẹ́ nínú. Páànù ilé ṣí lójú kan lásìkò òjò. A ní a ti pe káfíńtà, ó ń bọ̀ lọ́la. Bàbá gbé àkàbà, wọ́n ní àwọn ti ń gun òrùlé kí wọ́n tó bí káfíńtà náà. Ìró tí mo gbọ́, mo rò pé àpò gaàrí ló já. Egungun itan ló ṣẹ́. Nígbà tí dókítà ń kọ ìwé tó bi wọ́n pé ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n, wọ́n wo àjà ilé, wọ́n ní, "Mo di 78 láàárọ̀ yìí."

Ọmọ_Awùjalẹ̀ · 9:05 alẹ́

Ìyá_Wúrà, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín. Bàbá dáa báyìí?

Ìyá_Wúrà · 9:07 alẹ́

Wọ́n ń fi ọ̀pá rìn. Wọ́n ní káfíńtà náà ò mọ iṣẹ́.

Ọmọ_Awùjalẹ̀ · 9:21 alẹ́

Ìjẹ̀bú ni mí, 57. Lọ́dọ̀ tiwa, èèyàn kì í dá ní ọjọ́ orí, ẹgbẹ́ ló ń ní in. Àwọn tí ẹ jọ dàgbà, ẹ jọ wà nínú régbérégbé kan, ẹ jọ ń dáṣọ, ẹ jọ ń yọ sí Awùjalẹ̀ ní Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Kábíyèsí Adétọ̀nà tó wàjà ní oṣù keje 2025, ọdún 65 ni wọ́n lò lórí oyè. Ẹgbẹ́ mélòó ló ti yọ sí wọn tó ti dàgbà, tó ti tán.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyí. Tí a bá tò, tí a ń dúró kó kàn wá, mo máa ń wo ẹgbẹ́ tó ṣíwájú wa, àwọn bàbá arúgbó ni mo ń rí, aṣọ wúwo lọ́rùn wọn. Mo bá yíjú sí tiwa. Ọmọdékùnrin ni gbogbo wa! Ẹni tó ní ikùn yẹn, mo mọ̀ ọ́n tó ń tọ̀ sílé. Ẹni tó pá lórí yẹn, a jọ lọ jí àgbàdo ni. Mi ò rí àgbà kankan níbẹ̀. Lọ́dún kan, mo ṣèèṣì gbọ́ ọmọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ tó wà lẹ́yìn wa, ó ń sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Dúró, jẹ́ kí àwọn bàbá arúgbó yìí kọjá ná."

Bọ́ìsì_Mushin · 9:30 alẹ́

Kí n fi ìròyìn kan ṣe ètùtù fún ohun tí mo ṣe lókè.

Ọkùnrin ará Netherlands kan wà, Emile Ratelband. Lọ́dún 2018, ó pé 69, ó gba ilé ẹjọ́ lọ ní Arnhem. Ó ní kí wọ́n bá òun yí ọjọ́ ìbí òun láti 11 oṣù kẹta 1949 sí 11 oṣù kẹta 1969. Ó ní ara òun kò jọ ti ẹni 69. Ó ní tí òun bá fi 69 sórí Tinder, ibi tí wọ́n ti ń wá olólùfẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, obìnrin kì í dá òun lóhùn, àwọn tó ń gbani síṣẹ́ náà kì í wo apá ọ̀dọ̀ òun. Ní oṣù kejìlá ọdún yẹn, ilé ẹjọ́ ní rárá. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ nǹkan nínú òfin ló so mọ́ ọjọ́ orí, bí ìdìbò àti iléèwé. Wọ́n ní tó bá wù ú, kó máa rò pé òun fi 20 ọdún kéré, kó sì máa hùwà bẹ́ẹ̀.

ỌmọÒkèÒgùn · 9:33 alẹ́

Ilé ẹjọ́ ló lọ? Ká ní ó wá sọ́dọ̀ ọ̀gá iléèwé mi ni, á ti parí kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀.

Adéníkẹ̀ẹ́_Leeds · 9:50 alẹ́

😂 ỌmọÒkèÒgùn!

Ẹ jẹ́ kí n da omi sí ọ̀rọ̀ náà díẹ̀, torí mo rí i pé ẹ ti fẹ́ pín sí méjì, àwọn tó ní kéèyàn máa rò pé òun kéré àti àwọn tó ní kó gbà pé òun ti dàgbà. Lọ́dún 2002, Becca Levy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí 660 èèyàn ní Ohio, Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti pé 50 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ní èrò rere nípa dídarúgbó fi ọdún 7.5 pẹ́ láyé ju àwọn tí èrò wọn burú lọ.

Àkọ́bíObìnrin · 9:54 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kì í ṣe pé ara àwọn kan ti le tẹ́lẹ̀? Ara líle ló ń jẹ́ kí ọjọ́ ogbó dùn ún rò.

Adéníkẹ̀ẹ́_Leeds · 10:06 alẹ́

Ìbéèrè tó dáa. Wọ́n ro ìlera àti owó mọ́ ìṣirò náà, ìyàtọ̀ yẹn ò lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: wọn ò bi wọ́n pé "ṣé ọmọdé ni ọ́ nínú?" Ojú tí wọ́n fi ń wo ogbó ni wọ́n bi wọ́n. Ọ̀tọ̀ ni kéèyàn ní òun ò tíì darúgbó, ọ̀tọ̀ ni kó ní kò sóhun tó ṣe ogbó. Níbi iṣẹ́ mi, àwọn tó ń bínú sí ogbó jù ni àwọn tó ń pariwo pé ọmọdé ṣì làwọn.

Ogbó tún lẹ́sẹ̀ o. Ìwádìí kan jáde ní Jámánì ní 2024, wọ́n bi àwọn èèyàn pé ọdún wo ni èèyàn ń darúgbó. Àwọn tó wà ní 64, ní ìpíndọ́gba, ní ó di 74.7. Àwọn tó ti dé 74 ní ó di 76.8. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ọn, ó ń sún síwájú fún wọn.

Ọmọ_Awùjalẹ̀ · 10:10 alẹ́

Lọ́dọ̀ tiwa, kò sídìí fún ìsáré yẹn. Àgbà loyè. Ta ni kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní bàbá?

Ìyá_Wúrà · 10:12 alẹ́

Ẹ̀yin ọkùnrin Ìjẹ̀bú ẹlẹ́nu dídùn. Ṣọ́ọ̀bù ni mo ní. Àwọn wo ló wá ń ra Bigen dúdú, aró tí wọ́n fi ń pa irun funfun rẹ́, lọ́wọ́ mi tí Iléyá bá ku ọjọ́ méjì, tí wọ́n máa ń ní ìyàwó làwọn ń rà á fún?

Ọmọ_Awùjalẹ̀ · 10:13 alẹ́

Mo ti fẹ́ sùn, ẹ ó dàárọ̀ o.

Ọmọ_ọmọ_Àbẹ̀kẹ́ · 10:48 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìyá bàbá mi ni mo ń ka gbogbo èyí sí létí láti ìgbà tí iná ti dé. 84 ni wọ́n. Wọ́n ní kí n bá àwọn tẹ ìdáhùn, kí n má sì fi tèmi kún un. Ọ̀rọ̀ wọn nìyí:

"Mo kí gbogbo yín. Ìyá Abẹ́òkúta, kí bàbá rẹ jìnnà sí àkàbà. Ìwọ ọmọ tó ń gun kẹ̀kẹ́, máa gùn ún lọ́sàn-án, kí wọ́n rí ẹ.

Ẹ ní ọmọ ọdún mélòó ni mí nínú. Tí mo bá jókòó tí mo ń bó ẹ̀gúsí, mi ò ní ọjọ́ orí kankan. Ìgbà tí mo bá fẹ́ dìde ni gbogbo wọn máa ń dé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìyá mi ò pẹ́ láyé. Bí a bá kà á, ó pé 40, bóyá ó lé kan. Àbígbẹ̀yìn mi ti jù ú lọ. Tí mo bá lá àlá rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán, laali wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, èmi sì ni mo ń kúnlẹ̀ kí i, orúnkún á máa ro mí gan-an nínú àlá. Á ní, 'Dìde, Àbẹ̀kẹ́, ó tó.' Mi ò tíì sọ fún un rí pé mo ti dàgbà jù ú lọ. Bóyá ó mọ̀.

Ó ku tísà tí kò rí ẹni pè é ní ìwọ. Ìwọ Àlàó, aago mọ́kànlá fẹ́ lù. O ti jẹun? Gbé fóònù yẹn sílẹ̀ kí o lọ sùn."

TísàÀná · 10:55 alẹ́

Mo ti jẹun, màmá. Ẹ̀bà ni. Mo ń lọ.